Láti Inú Kọ̀ǹpútà Àlòkù Dé Orí Tábìlì Iṣẹ́: Ìtàn Àpótí Iná Kan àti Ohun Tó Kàn Wá Nínú Rẹ̀

Ìfáárà

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1982, ìjọba àpapọ̀ ra ẹ̀rọ rẹpẹtẹ láti àwọn orílẹ̀-èdè ìlà-oòrùn Yúróòpù fún iṣẹ́ tí a ń pè ní Introductory Technology nígbà náà. Wọ́n pín àwọn ẹ̀rọ náà fún ilé ẹ̀kọ́ girama káàkiri. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jáde kúrò nínú àpótí pákó tí wọ́n fi kó wọn wá. Ilé ẹ̀kọ́ kan kò ní iná, òmíràn kò ní ilé tí wọn yóò gbé ẹ̀rọ sí, èyí tó sì ní méjèèjì kò ní olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Àwọn àgbà nínú wa tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ mọ irú àpótí pákó bẹ́ẹ̀ dáadáa, eyí tí eruku àti ikán ti sọ di ilé.

A kò fẹ́ tún ẹjọ́ àpótí pákó rò níbí. Àpótí mìíràn ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa: àpótí irin kékeré tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, èyí tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń pè ní páwà páàkì. Ẹnikẹ́ni kò kọ̀wé béèrè fún un, kò sì sí nínú ìṣirò owó ilé ẹ̀kọ́ kankan, síbẹ̀ ó dé. Ó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì, ó wà nínú sítọ̀, ó wà lórí àkìtàn. Ohun tó sì wà nínú rẹ̀ ni ohun tí tábìlì iṣẹ́ wa ti ń wá láti 1982: iná DC tó dúró ṣinṣin, ti fólítì 12, ti fólítì 5 àti ti fólítì 3.3.

Àwọn olùkọ́ kan ti ń sọ ọ́ di ohun èlò, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní ìgboro. Èrò tiwa ni pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú ọmọ ilé ìwé gbọ́dọ̀ mọ ìtàn àpótí náà kó tó tú bóòtù kan lára rẹ̀. Kò sí wáyà tó ń jáde níbẹ̀ tí ìtàn kan kò gbé síbẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìtàn náà ni àpótí yìí máa ń jó mọ́ lọ́wọ́, ó sì lè pa ènìyàn.

Irin tó wúwo àti èyí tó fúyẹ́

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ sọ iná AC ti ògiri di iná DC kékeré yóò lo tírànsífọ́mà onírin. Iná ìjọba wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní ìwọ̀n ìyára bẹ́ẹ̀, tírànsífọ́mà tó máa gbé wáàtì 200 gbọ́dọ̀ ní irin àti bàbà púpọ̀ nínú. Ẹ rántí ẹ̀rọ iná inú yàrá físíìsì àtijọ́, tó jẹ́ pé ọmọ méjì ló ń gbé e. Iná tí kò bá sì wúlò, ẹ̀rọ náà a sọ ọ́ di ooru lásán.

Ọgbọ́n kejì wà. A ó kọ́kọ́ sọ iná ògiri di DC, lẹ́yìn náà tírànsísítọ̀ yóò máa tàn án, yóò máa pa á, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìyára bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tírànsífọ́mà tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ lè ṣe iṣẹ́ èyí tó tó orí ẹran. Àwọn tó ń ṣe ohun ìjà àti ẹ̀rọ ojú òfuurufú ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ náwó lé ọgbọ́n yìí ní àwọn ọdún 1960, nítorí gbogbo ìwọ̀n tí wọ́n bá dín kù lára ẹrù ni èrè wọn. Nígbà tí tírànsísítọ̀ tó yára, tó sì lè gba fólítì gíga, wá dẹ̀rọ̀ lówó ní àwọn ọdún 1970, ọgbọ́n náà sọ̀kalẹ̀ wá sí ọjà. Kọ̀ǹpútà Apple II tó jáde ní 1977 lo irú rẹ̀, Rod Holt ló sì ṣe é fún wọn. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀dọ̀ Apple ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ti ń ṣe é ṣáájú, Apple wulẹ̀ wà lára àwọn tó gbé e wọ ilé ni.

Ní oṣù Ògún 1981, IBM gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jáde, àpótí iná inú rẹ̀ kò sì ju wáàtì 63.5 lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e ní 1983, tí wọ́n pè ní XT, ní wáàtì 130. AT ti 1984 ní wáàtì 192. Ohun tó jẹ́ kí ìyẹn kàn wá ni àdàkọ tó tẹ̀ lé e. Àwọn ilé iṣẹ́ ní Taiwan àti níbòmíràn ń ṣe kọ̀ǹpútà tó jọ ti IBM, wọ́n sì ń ṣe àpótí iná tó bá a mu: ihò bóòtù kan náà, ẹnu wáyà kan náà, àwọ̀ wáyà kan náà. Nítorí náà, kò sí ohun tó kan olùkọ́ pẹ̀lú orúkọ tó wà lára kọ̀ǹpútà. Bí ó bá ti mọ ọ̀kan, ó ti mọ ẹgbẹ̀rún. Ká ní ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan di tirẹ̀ mú ni, bí wọ́n ti ṣe ń ṣe ṣájà fóònù nígbà kan rí, ọ̀rọ̀ tábìlì iṣẹ́ yìí ì bá má wáyé rárá.

Ìtàn tó wà lára àwọ̀ wáyà

Ẹ jẹ́ ká mú wáyà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ibí ni iṣẹ́ wà.

Wáyà dúdú ni ilẹ̀, òun ni ọ̀nà àbọ̀ fún gbogbo àwọn yòókù. Pupa gbé fólítì 5. Ní ayé IBM, òun ni ọba, torí pé fólítì 5 ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù ń mu. Wáyà aláwọ̀ ìyeyè gbé fólítì 12, mọ́tò tó ń yí díìsìkì àti fáànù ló sì wà fún. Wáyà aláwọ̀ aró gbé fólítì 12 ti apá òdì, fún ojú ìsopọ̀ tí a fi ń so máòsì àti módẹ̀mù mọ́ kọ̀ǹpútà láyé ọjọ́un. Funfun gbé fólítì 5 ti apá òdì. Ohun tó gbé funfun wá ni pé ìrántí inú IBM àkọ́kọ́ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Láàárín ọdún díẹ̀ irú ìrántí bẹ́ẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n wáyà funfun kò lọ. Ó wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún, bí àlejò tó ti jẹun tán tí kò dìde.

Àpótí AT ní ẹnu méjì tó ń wọ bọ́ọ̀dù, P8 àti P9. Méjèèjì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè pààrọ̀ wọn. Ẹni tó bá sì pààrọ̀ wọn, bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jó. Òfin tí gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní àwọn ọdún 1990 ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí dúdú fẹ̀gbẹ́ kan dúdú ní àárín. AT tún ní àléébù kan tó burú ju èyí lọ fún àwa olùkọ́: súìṣì tó wà níwájú kọ̀ǹpútà ń pa iná ògiri fúnra rẹ̀, nítorí náà wáyà tó gbé fólítì 230 ń gba inú àpótí kọjá lọ síwájú. Bí a bá yọ irú àpótí bẹ́ẹ̀ wá sórí tábìlì, àwọn wáyà yẹn á máa fì kiri. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a má lo AT níwájú ọmọ ilé ìwé rárá. Ẹ fi sílẹ̀ fún ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí.

Ní 1995, Intel gbé ìlànà tuntun jáde, ATX. Ẹnu kan ṣoṣo tó ní ojú 20 ló rọ́pò P8 àti P9, kò sì ṣe é kì bọ̀ ní òdì. Fólítì 3.3 dé, wáyà aláwọ̀ ọsàn ló gbé e, torí pé ohun tó ń ronú fún kọ̀ǹpútà ti ń mu iná tó kéré sí 5. Pàtàkì jù lọ, súìṣì iná ògiri kúrò níwájú. Bí a bá tẹ bọ́tìnì kọ̀ǹpútà báyìí, ọ̀rọ̀ ni a ń rán sí bọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀dù náà ni yóò wá fa wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ ilẹ̀ kí àpótí iná tó jí. Láti ìgbà náà, kọ̀ǹpútà tí a pa kì í sùn tán. Wáyà elésè àlùkò ń gbé fólítì 5 ní gbogbo ìgbà tí púlọ́ọ̀gì bá wà lára ògiri, kí ohun tó ń dúró de bọ́tìnì lè rí nǹkan jẹ. Wáyà aláwọ̀ eérú ni yóò sọ fún bọ́ọ̀dù pé iná ti dúró dáadáa, ó lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Àwa tó ń wá iná fún tábìlì iṣẹ́, 1995 ni ọdún tiwa. Kò sí ẹni tó ro tiwa mọ́ ọn ní Intel, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè pa ara rẹ̀, wọ́n fún wa ní àpótí tí a lè tàn nípa síso wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ dúdú, láìfọwọ́ kan iná ògiri.

Àyípadà kan ṣì kù. Pentium 4 dé ní 2000, ebi iná sì ń pa á gidi. Wọn kò fi fólítì 5 bọ́ ọ mọ́. Wọ́n fún un ní ẹnu tirẹ̀, olójú mẹ́rin, tó gbé fólítì 12. Láti ìgbà yẹn ni agbára ti ń kúrò lára pupa bọ́ sí ara ìyeyè. Nǹkan bí 2003, ojú 20 di 24, wáyà funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá.

Ẹni tó bá mọ èyí lè fi ojú lásán sọ ọjọ́ orí àpótí. Kò sí àwọ̀ ewé? AT ni, ẹ gbé e padà. Ojú 20 pẹ̀lú wáyà funfun? Ó ṣeé ṣe kó ti wà ṣáájú 2003, agbára rẹ̀ yóò wà lára fólítì 5, fólítì 12 rẹ̀ kò ní lè gbé ẹrù wúwo. Ojú 24 láìsí funfun? Agbára rẹ̀ wà lára 12. Kí a sì ka páálí tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, níbi tí iye áńpù wáyà kọ̀ọ̀kan wà. A ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó rí wáàtì 300 lára àpótí, tó rò pé gbogbo rẹ̀ ni òun lè fà láti ara ìyeyè.

Súìṣì pupa

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú àwọn àpótí àtijọ́, súìṣì kékeré pupa kan wà, 115 ní apá kan, 230 ní apá kejì. Ìtàn súìṣì yìí gùn ju ti kọ̀ǹpútà lọ. Nígbà tí Edison tan iná Pearl Street ní New York ní 1882, nǹkan bí fólítì 110 ló lò, Amẹ́ríkà kò sì kúrò nítòsí ibẹ̀ títí dòní. Àwa, ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti gba tiwa. Iná mọ̀nàmọ́ná dé Èkó ní 1896. Ní 1929, ilé iṣẹ́ NESCO bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi Kurra ṣe iná fún àwọn ibi ìwakùsà tánganran ní agbègbè Jos. ECN dé ní ìdajì ọ̀rúndún tó kọjá, NEPA rọ́pò rẹ̀ ní 1972. Orúkọ ń yí, ṣùgbọ́n fólítì ilé wa dúró sí ìwọ̀n ti Gẹ̀ẹ́sì, tó ju ìlọ́po méjì ìbẹ̀rẹ̀ Edison lọ.

Àpótí tí wọ́n fẹ́ tà ní ibi méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ ibi tó wà. Nínú rẹ̀, kapásítọ̀ ńlá méjì wà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gba fólítì 200. Bí súìṣì bá wà ní 230, méjèèjì yóò pín nǹkan bí fólítì 325 láàárín ara wọn. Bí ó bá wà ní 115, a ti ṣètò rẹ̀ kí ó lè sọ iná Amẹ́ríkà di ìlọ́po méjì, kí àròpọ̀ rẹ̀ lè sún mọ́ iye yẹn kan náà. Ẹ wá fi ojú inú wo àpótí tó ti Amẹ́ríkà dé, tí súìṣì rẹ̀ wà ní 115, tí a sì kì í bọ ògiri Nàìjíríà. Kapásítọ̀ tí wọ́n ṣe fún 200 yóò rí 325 lójijì.

Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú wa, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí a ṣiṣẹ́ rí. Wọ́n kó kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́wàá wá, gbogbo ènìyàn ń dunnú. A ti tan mẹ́ta láìsí wàhálà. Ìkẹrin dún bí ìbọn. Èéfín bo yàrá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba ojú fèrèsé, ọ̀kan fi ìgúnpá gbá gíláàsì. Kò sí ẹni tó kú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí ẹni tó fẹ́ tan èyí tó kù ní ọ̀sẹ̀ náà. Àwa olùkọ́ ni a jẹ̀bi. A rí súìṣì pupa náà, a kò sì bi ara wa léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ka ìtàn rẹ̀ kò ní kì í bọ ògiri láìkọ́kọ́ yí i sí 230, kó sì fi gọ́ọ̀mù dí i pa.

Bí àpótí náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá yẹn kò ti ojú ọ̀run já bọ́. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà jáde fún ilé ẹ̀kọ́. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tú àṣírí ilẹ̀ Koko, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, níbi tí wọ́n ti kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí ẹ̀yìnkùlé ènìyàn. Ìbínú tó bá a rìn bí Òfin 42 ti 1988 lórí ìdọ̀tí olóró, àdéhùn Basel sì tẹ̀ lé e ní 1989, láti dá ìkóǹdọ̀tí-ránṣẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè dúró. Ṣùgbọ́n àdéhùn náà kò di ọ̀nà mọ́ ohun tí ènìyàn bá pè ní àlòkù tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, àlòkù, ni ilẹ̀kùn tí kọ̀ǹpútà gbà wọlé.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, òpópónà Otigba ní Ìkẹjà ti ń di ọjà kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ẹgbẹ́ Basel Action Network wá wo Èkó ní 2005, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan bí kọ̀ǹténà 500 ń wọlé lóṣù kan, àti pé gẹ́gẹ́ bí àwọn tó wà nínú òwò náà ṣe sọ fún wọn, ohun tí kò ṣeé tún ṣe, tí kò sì ṣeé tà, lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìjọba ṣe òfin lórí ohun èlò oníná ní 2011 lábẹ́ NESREA. Síbẹ̀, ìwádìí tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Basel tó wà ní Ìbàdàn ṣe ní ojú omi Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé ohun èlò oníná àlòkù tó ń wọlé lọ́dún kan tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 60,000, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń wá nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n kó ẹrù kún.

Láti Èkó, wọ́n ń gun òkè. Kano, Jos, Onitsha, Maiduguri, kò sí ibi tí wọn kò dé. Kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ a lo ọdún mẹ́rin, márùn-ún, a dákẹ́, a wọ sítọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe àpótí iná ló bàjẹ́. Bí akólẹ̀ bá wá rà á, bàbà inú rẹ̀ ló ń wá. Wọn á dáná sun wáyà kí ike lè jó kúrò lára bàbà, èéfín rẹ̀ a sì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń sun ún, tó sábà máa ń jẹ́ ọmọdé tí kò ju ọmọ ilé ìwé wa lọ.

Lórí tábìlì iṣẹ́

Iṣẹ́ náà kò le. Àpótí wà ní pípadé, wáyà nìkan ni a ń ṣiṣẹ́ lé. A ó so àwọ̀ ewé mọ́ dúdú nípasẹ̀ súìṣì kékeré kan. A ó kó wáyà pupa mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ sí ojú ìsomọ́ kan, ìyeyè sí òmíràn, ọsàn sí òmíràn, dúdú sí ìkẹrin. Ẹ kíyè sí wáyà tín-ín-rín kan tó máa ń bá ọ̀kan lára àwọn ọsàn wọ ojú kan náà. Àpótí ń fi í wo iye fólítì tó dé òpin wáyà. Bí a bá gé e dànù, àpótí lè kọ̀ láti tàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti sọ àpótí tó dára nù nítorí wáyà yìí.

Àwọn àpótí tó dàgbà kì í fẹ́ ṣiṣẹ́ láìsí ẹrù lára pupa, torí pé ayé fólítì 5 ni wọ́n ti wá. Bí a kò bá fún wọn ní ẹrù, fólítì 12 á máa lọ sókè sódò. Rẹsísítọ̀ ńlá kan, ohm 10, tó lè gba wáàtì 10, tí a so láàárín pupa àti dúdú, yóò jẹ nǹkan bí wáàtì 2.5, ìyẹn sì sábà máa ń tó. Yóò gbóná, nítorí náà kí a dì í mọ́ ara irin.

Fíúsì ni àwọn kan ń fojú kéré. Wọ́n ní àpótí yóò pa ara rẹ̀ bí wáyà bá kan wáyà. Lóòótọ́, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ìkọlù náà bá le, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe é fún, bọ́ọ̀dù sì lè fa ogún áńpù láìṣẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọmọ ilé ìwé fi ń so gílóòbù kékeré yóò pọ́n bí ẹyin iná kí àpótí tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Kí fíúsì áńpù 2 tàbí 3 wà lójú kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan tún wà tó jẹ mọ́ ilé wa gan-an. Wáyà dúdú àti ara irin àpótí jọ so mọ́ ilẹ̀ ògiri ni. Nítorí náà a kò lè to àpótí méjì léra wọn kí 12 àti 12 lè di 24, dúdú ti èkejì yóò fi ilẹ̀ ṣe ọ̀nà, yóò sì kọlu ti èkíní. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, ihò ilẹ̀ wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣùgbọ́n kò sí wáyà lẹ́yìn rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọmọ ti máa sọ pé, "Sà, ó ń gbọ̀n mí lọ́wọ́." Òótọ́ ló ń sọ, àwọn kapásítọ̀ kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń jẹ́ kí iná díẹ̀ jò sára irin. Kí a tó gbé àpótí sórí tábìlì, kí a kọ́kọ́ pe oníná kó wá wo ilẹ̀ ògiri.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣí àpótí náà níwájú akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn tí a bá ti yọ púlọ́ọ̀gì, kapásítọ̀ méjèèjì ṣì lè gbé fólítì 300 fún ìgbà díẹ̀, bí rẹsísítọ̀ tó yẹ kó gbẹ wọ́n bá sì ti jó, ìgbà díẹ̀ náà lè gùn.

Èrè rẹ̀ wà. Fún ìdánwò Ohm, fólítì 3.3 àti rẹsísítọ̀ kan ń rọ́pò bátìrì olómi-ásíìdì tí a ń wá káàkiri ní gbogbo ọdún ìdánwò WAEC àti NECO. Láàárín ìyeyè àti pupa, fólítì 7 wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi mítà rí èyí fúnra rẹ̀ ti lóye ìyàtọ̀ fólítì ju ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ.

Ọ̀rọ̀ tó kù láàárín àwa olùkọ́

A ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ ní fífi ọwọ́ ara ẹni ṣe ohun èlò ìkọ́ni, a sì ń fún wọn ní máàkì lórí rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n a ti ń gbọ́ ọ níbi ìpàdé kan tàbí òmíràn pé, bí olùkọ́ bá lè fi páálí àti ìdọ̀tí ṣe ohun èlò, kí ni wọ́n tún ń béèrè owó ẹ̀rọ sí? Ìbẹ̀rù wa nìyẹn bí a ṣe ń kọ ìwé yìí. Àpótí iná àlòkù kò ní ojú tí a fi lè yí fólítì láti òdo dé ọgbọ̀n, kò sì ní ohun tó ń dín áńpù kù bí a ṣe fẹ́. Ẹ̀rọ tábìlì gidi ní méjèèjì, wọ́n sì ṣe é fún ọwọ́ ọmọ ènìyàn. Àpótí tiwa wà fún ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní nǹkan kan báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi í ṣe ẹ̀rí pé ilé ẹ̀kọ́ kò nílò ẹ̀rọ, kò gbọ́ ohun tí a sọ. Àwọn tó ra ẹ̀rọ ní 1982 láìbèèrè bóyá iná wà àti àwọn tí kò fẹ́ ra nǹkan kan lónìí jọ ṣe àṣìṣe kan náà: wọn kò bi ẹni tó dúró nídìí tábìlì léèrè.

Àkókò àpótí náà pàápàá ń lọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ló pọ̀ ní ọ́fíìsì báyìí, ṣájà rẹ̀ sì sábà máa ń gbé nǹkan bí fólítì 19 nìkan. Ní nǹkan bí 2020, Intel gbé ìlànà mìíràn jáde tí àpótí iná kò fi ní gbé ju fólítì 12 lọ: kò sí pupa mọ́, kò sí ọsàn. Èyí tó wà nínú sítọ̀ wa lónìí ni ìran tó gbé gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní yàrá iṣẹ́ tiwa, a ti lẹ ìwé mọ́ ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọdún tí a rò pé wọ́n ṣe é, iye áńpù rẹ̀, àti ibi tí súìṣì pupa rẹ̀ wà. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Mẹ́sàn-án ń ṣiṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ èyí tó dàgbà jù ní Bàbá Funfun, nítorí wáyà tí kò fẹ́ lọ yẹn.